Inú Agolo Tábà

Ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n ṣí odò fún apẹja.
Yìnyín ṣì wà lórí òkè,
ó jókòó bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Bàbá mi ní kí n gbé agolo wá.
Agolo tábà ni, ó ti dípẹtà létí,
tábà inú rẹ̀ ti tán kí wọ́n tó bí mi,
òórùn rẹ̀ nìkan ló kù.

Idwal kò ríran mọ́. Ọdún kẹrin rèé.
Àmọ́ ìka rẹ̀ mọ eṣinṣin tó so fúnra rẹ̀
bí abiyamọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ lókùnkùn.
“Èyí, irun etí ehoro ni,
wáyà wúrà ni mo fi dì í nínú.
Èyí, ìyẹ́ ọrùn àparò lórí òwú aláwọ̀ ọsàn.
Èyí…” Ó dákẹ́. “Ta ló so pálapàla yìí?”
Èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.
Irun ajá wa ni, pẹ̀lú òwú dúdú
tí mo fà yọ lára aṣọ tí mo wọ̀ sìnkú ìyá mi.
N ò sọ fún un.
“Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀,” ni mo wí.

Ó ní: Mererid, gbọ́.
Bí omi bá tutù, ẹja a ya ọ̀lẹ.
Kò ní gòkè wá oúnjẹ,
oúnjẹ ni yóò sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.
Mú èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀ idẹ lọ́rùn, kó lè rì.
Fi ọ̀pá gígùn sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Odò tí àgùntàn ń fò kọjá,
kí la fẹ́ fi ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ṣe níbẹ̀?
Igi etí omi á gbà á lọ́wọ́ rẹ.
Mẹ́fà tó. Kí okùn má gùn ju ọ̀pá lọ.
Má jẹ́ kí òjìji rẹ ṣáájú rẹ dé odò.
Tó o bá sì débẹ̀, kúnlẹ̀:
ẹja kékeré, orúnkún la fi ń bẹ̀ ẹ́.

Mo dé Nant Eithin láago mọ́kànlá,
oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí iṣẹ́ rẹ̀.
Mo yí òkúta kan padà.
Kòkòrò dúdú kan, onírù méjì,
ń rìn wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń wá bàtà lóru.
Mo wò ó, mo dá a padà sílé rẹ̀.

Onílẹ̀kẹ̀ idẹ ni mo kọ́kọ́ jù. Ó rì lóòótọ́,
ó rì débi gbòǹgbò, gbòǹgbò sì sọ ọ́ di tirẹ̀.
Mo so ti àparò. Ẹ̀ka kan nawọ́ gbà á lófuurufú,
ó fi ṣe yẹtí.
Ìka mi ti kú. Imú mi ń ṣe omi tirẹ̀ lọ́tọ̀.
Mo ṣí agolo, pálapàla ń wò mí láti kọ̀rọ̀.
Dúdú. Ó sanra. Ó jọ ẹni abẹ́ òkúta yẹn.

N ò jù ú pàápàá, mo kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ fún omi.
Ó yí po lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn àpáta,
okùn dúró,
bí ẹni tó gbọ́ tí a pe orúkọ rẹ̀.
Tíráótì kan, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ,
ikùn rẹ̀ pọ́n bíi bọ́tà,
àmì pupa wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Mo tú u sílẹ̀. Kò dúpẹ́.

Nílé, bàbá mi ní, “Èwo ló gbé?”
“Ti àparò ni,” ni mo wí.
Kò fèsì. Ó gba agolo,
ìka rẹ̀ rìn láti ìlà dé ìlà,
ó kọjá ihò méjì tó ṣófo,
ó dé kọ̀rọ̀, ó dúró.
“Èyí tutù,” ló wí.
Ó gbé e sí imú. Ó pẹ́ níbẹ̀.
“Pero ni,” ló wí,
“ajá tó bẹ̀rù omi títí ó fi kú.”